Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Lẹ̀ Ẹ́ Mọ́ Pákó

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Kò sí ìpàdé tí a ṣe rí tí ẹnì kan kò ní dìde sọ pé èdè Yorùbá ń kú lọ. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, gbogbo wa á mi orí, a ó dá ẹ̀bi lé àwọn òbí tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, a ó sì jókòó. Èmi kò ní kí a má dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn ìwé Yorùbá kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì tẹ̀ rí, tí wọ́n wà nínú ilé olúkúlùkù wa, tí a sì ń fi owó ara wa pa wọ́n rẹ́. Ohun tí àwọn baba àti ìyá wa kọ sí ẹ̀yìn fọ́tò ni mo ń sọ. Ohun tí ń pa wọ́n rẹ́ ni pákó lámínéṣọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín. Á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, èdè ni a rán ọ lọ kọ́, kí ló pa ọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tí ń kan férémù?” Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ní Lánlátẹ̀ tí wọ́n ti bí mi, bí ẹ bá wọ pálọ̀ ilé àtijọ́ kan, òkè ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Níbi tí ògiri ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà ni àwọn àwòrán máa ń wà lẹ́sẹẹsẹ, tí a fi okùn so wọ́n mọ́ ìṣó, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ń bojú wo àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Baba jókòó, agbádá rẹ̀ bo àga, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, ó tẹjú mọ́ ẹni tí ń yà á, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Álímánáákì ẹgbẹ́ kan tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ wà nínú férémù tirẹ̀ náà, nítorí pé a kì í ju ojú ènìyàn nù. Káfíńtà àdúgbò ló kan gbogbo wọn: igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí a dẹ́gùn-ún igun wọn, gíláàsì níwájú, páálí tàbí pákó pẹlẹbẹ lẹ́yìn, ìṣó wẹ́wẹ́ yí i ká. Iṣẹ́ náà kì í dán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: bí ẹ bá yọ ìṣó wọ̀nyẹn, gbogbo rẹ̀ á tú, fọ́tò á sì bọ́ sí yín lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ti fà á lé baba lọ́wọ́.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ ó bá òǹtẹ̀ ayàwòrán níbẹ̀, tí ó ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó bá ọjọ́. Lábẹ́ ọjọ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó bá ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀kan nílé wa, ohun tí a kọ síbẹ̀ nìyí: “Emi ati aya mi titun, li ọjọ keji igbeyawo wa. Ki awọn ọmọ wa ki o le mọ̀ pe awa na ti ṣe ọmọde ri.” Gbólóhùn méjì péré ni. Ẹ wo “li” rẹ̀, ẹ wo “titun” rẹ̀, ẹ wo “na” tí kò kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí ní 1974 ni ọkùnrin yìí ti gbé kálàmù, ó sì hàn gbangba pé Bíbélì ló fi mọ ìwé. Ó sì tún mọ bí a ti ń ṣe àwàdà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí ní láíbìrì yunifásítì kankan. Kì í ṣe òǹkọ̀wé ló kọ ọ́, kò retí pé olùkọ́ kan á máàkì í, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ Yorùbá bí wọ́n ti ń sọ ọ́ gan-an.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí lámínéṣọ̀n ń ṣe. Wọ́n á mú pákó tí a fi ìyẹ̀fun igi rọ, wọ́n á pa á láró dúdú ní etí. Wọ́n á ta gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn fọ́tò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó náà, wọ́n á na ọ̀rá kan bo ojú rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi di ọ̀kan. Bí fọ́tò bá tóbi ju pákó lọ, ọ̀bẹ á yanjú ìyẹn. Ó ń dán, kò ní gíláàsì, kò wúwo, kò sì wọ́n. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀ ni, tí a lè tún tẹ̀ mìíràn lálẹ́, èmi kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dà nìkan ni àwọn ènìyàn ń gbé lọ. Ojúlówó ni wọ́n ń gbé lọ, èyí tó ti pé 60 ọdún, pàápàá bí òkú àgbà bá kú tí a fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ síta.

Ní 2021 a sin ìyá àgbà kan ní ilé wa. Kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé, bàbá wa kékeré gbé fọ́tò kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú ńlá, n kò ní dárúkọ rẹ̀, pé kí wọ́n bá wa tún un ṣe kí ó lè bójú mu. Ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú fọ́tò náà, a yà á ní 1958. Mẹ́ta jókòó, méjì dúró lẹ́yìn wọn, ọmọdékùnrin kan sì fara ti orúnkún ìyá àgbà. Ìlà mẹ́jọ ìwé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ilé wa kan tó jẹ́ tíṣà ló kọ wọ́n: orúkọ gbogbo wọn láti ọwọ́ òsì, oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé mẹ́jọ ni nítorí pé gíláàsì rẹ̀ fọ́ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì di fọ́tò náà mú nígbà tí káfíńtà ń fi òmíràn rọ́pò. Ìlà méjì ni mo kà kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Fọ́tò náà padà wálé, ó ń dán bí awo tánganran. Wọ́n ti gé etí rẹ̀ kí ó lè bá pákó mu, apá ẹnì kan sì ti bá a lọ. Gbogbo ènìyàn yìn ín níbi òkú. Lẹ́yìn òkú ni ọ̀rọ̀ dé. Àwọn kan ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ ilé wa ni baba àwọn. Ó ní Lánlátẹ̀ ni wọ́n ti mú òun lọ ní kékeré, kò sì bá àwọn Yorùbá yòókù padà nígbà tí ìjọba Gánà lé àlejò jáde ní ìparí 1969. Wọ́n ní a yà á pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kí ó tó lọ. Ìyá méjì ló kù nílé wa tó lè mọ ọmọdékùnrin inú fọ́tò náà. Ọ̀kan ní òun ni. Èkejì ní rárá, ọmọ aládùúgbò ni, tó yọjú wá nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ ya àwòrán. Ìdáhùn wà ní ìlà tí n kò kà. Káfíńtà kan gbìyànjú láti fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí i ní igun. Bí ó ti ń ṣí i ni ìwé ń ya, tí ojú fọ́tò ń bá ọ̀rá lọ. A ní kí ó dúró. Títí di òní, a kò tí ì lè fún àwọn ará Tamale ní èsì tí gbogbo ilé fẹnu kò lé lórí. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà pálọ̀ lọ? Ẹni tí a ń pè ní ìbátan àti ẹni tí a ń pè ní àlejò, gọ́ọ̀mù ló wà láàárín wọn.

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà kò ṣìkà o. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Àwa tí a kàwé, tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé wà ní ẹ̀yìn fọ́tò, àwa ni mo ń bá wí.

Mo tún ní ẹ̀rí mìíràn, ó sì sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé Igbó-Ọrà kò jìnnà sí wa, gbogbo ayé ló sì mọ Igbó-Ọrà mọ́ ìbejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a ó gbẹ́ ère fún un. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn kan fi fọ́tò rọ́pò ère. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní 1978: ayàwòrán á ya èyí tó wà láàyè, á tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ara ìwé kan náà, yóò dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì jẹ́ obìnrin, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọn á yà á, á tún wọ aṣọ ti èkejì, wọn á tún yà á. Ẹ rò ó wò. Ojú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ òótọ́ fún yín. Ìbejì méjì tí ara wọn le ni ẹ ó rí. Mo rí ọ̀kan ní Igbó-Ọrà, ìlà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́: “Taiwo ni mejeji.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó lọ́la, ikú ọmọ kan àti ọgbọ́n tí ìyá rẹ̀ fi tu ara rẹ̀ nínú á parẹ́ pọ̀.

Àwọn tí mo ti bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní èsì wọn, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn. Wọ́n ní gíláàsì ń fọ́. Òótọ́ ni, ó ń fọ́, òun nìkan ló sì ń fọ́. Ní Bìní, Olóyè S. O. Alonge, tó ya ọba àti ará ìlú láàfin àti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, orí gíláàsì gan-an ló ya ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ sí. Gíláàsì wọ̀nyẹn kò fọ́. Ó tọ́jú wọn títí ó fi kú ní 1994, wọ́n ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington báyìí, a sì ṣe àfihàn wọn níbẹ̀ ní 2014 kí wọ́n tó gbé àfihàn náà wá sí Bìní ní 2017. (Pé Washington ni a ó ti máa wo ojú àwọn ará Bìní, ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn, n kò ní jà á lónìí.)

Àwọn mìíràn ní, “Ṣebí ó ti wà lórí fóònù mi.” Ìlú wa mọ bí ẹ̀rọ ti ń kú. Ní Lánlátẹ̀ ni ìjọba kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí ní 1971, kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán òkè òkun lè máa wọ Nàìjíríà; nígbà náà, gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́ orúkọ wa. NITEL ti kógbá wọlé, àwo ńlá ibẹ̀ sì ti dákẹ́. Bí irú ẹ̀rọ yẹn bá lè dákẹ́, kí ni ti fóònù tí ó bọ́ sínú omi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ẹ fi fóònù yà á, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Nínú gbogbo àwọn tó fi fóònù wọn hàn mí, kò sí ẹyọ kan tó ya ẹ̀yìn.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀dà àti ojúlówó, ọ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká bi Tútù. Ben Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀, ní 1973. Ẹ̀dà àwòrán náà tí a tẹ̀ sórí ìwé wà ní pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ojúlówó ti di àwátì. Ní ìparí 2017 ni wọ́n rí ọ̀kan nínú mẹ́ta tó yà, lára ògiri fúláàtì kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀n, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ iye tí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tó. Ní oṣù kejì 2018, Bonhams tà á ní £1,205,000. Kò sí ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ rí fún ẹ̀dà inú pálọ̀ wa. N kò sọ pé fọ́tò ìyá àgbà mi tó iye yẹn ní ọjà. Mo ń sọ pé àwọn tí kò mọ iye rẹ̀ kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun, wọ́n fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a, ìyẹn ló sì gbà á là.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi àwọn káfíńtà àtijọ́ ṣe òrìṣà. Àwọn náà bà á jẹ́ dáadáa. Ojú fọ́tò àtijọ́, ohun tí a sè láti inú awọ àti eegun màlúù ni a fi tẹ́ ẹ; bí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù ti máa ń dì tí á sì tún yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin bá kún ilé, á rọ̀, bí gíláàsì bá sì kàn án, á lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́ á gbẹ, á sì súnkì. Ọdún mélòó kan bẹ́ẹ̀, ojú baba á ti wà lára gíláàsì, ẹ̀wù rẹ̀ á ṣẹ́ kù sára ìwé. Páálí tí wọ́n fi ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: igi ni wọ́n fi ṣe é, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó ń sọ ìwé ìròyìn di pupa rúsúrúsú bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn ni yóò máa jẹ fọ́tò láti ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Ìṣó ń dípẹtà. Ikán ń gba inú ògiri wá, kò sì mọ baba ẹnikẹ́ni. Fọ́tò aláwọ̀ tiẹ̀ tún burú sí i. Ti dúdú àti funfun, fàdákà ló wà nínú rẹ̀, ó lágbára; ti aláwọ̀, aró ni, oòrùn a sì máa jẹ aró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí a yà láàárín 1970 sí 1990 fi ń di pupa, tí gbogbo ayẹyẹ ìgbà náà fi wá dà bí èyí tí a ṣe nínú iná.

Síbẹ̀, gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ló ní àtúnṣe, nítorí pé ìṣó ṣeé yọ. Kí a gé páálí funfun kan ní àárín bí fèrèsé, kí a fi sí àárín fọ́tò àti gíláàsì, gíláàsì kò ní kàn án mọ́. Páálí tí a fi òwú ṣe ló dára jù, wọn kì í sì tà á ní Lánlátẹ̀. Aṣọ funfun olówùú tí a ti fọ̀ dáadáa, tí kò ní sítáàṣì, lè wà láàárín fọ́tò àti pákó ẹ̀yìn. Kí a gbé e kúrò ní ògiri tí òjò ń rin, kúrò lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Bí ó bá di dandan kí a lẹ ohun kan, àwọn tí ń tọ́jú àwòrán ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá kì í lo sẹ́lótéèpù tàbí gọ́ọ̀mù olóòórùn: ìyẹ̀fun sítáàṣì tí a fi omi sè ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì gbé e kọ́ lókè, nítorí pé omi díẹ̀ lè tú u lọ́la. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń bo aṣọ nítorí pé ẹ̀kọ á fọ̀ kúrò. Kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀kọ, mo gbà, nítorí náà kí ó kéré, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo wá yíjú sí ẹ̀yin olùkọ́ wa, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ ti rán wa lọ gba oríkì lẹ́nu àgbà. Ẹ ti rán wa lọ gba ìjálá, àlọ́, orúkọ ewé. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n a wọ ilé, a jókòó sí abẹ́ àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, a tan ẹ̀rọ, a gba ohùn baba, a kí i pé ó dìgbà, ìwé tí baba rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lókè orí wa, kò sí ẹni tó ní kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ta ló sọ fún wa pé ẹnu nìkan ni Yorùbá ìgbéríko ní? A ti sọ ọ́ títí, àwa náà sì ti gbà á gbọ́, pé àwọn ará oko kò kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀yìn ibi tí a ń wò ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí olúkúlùkù wa tó ń lọ sílé ní ìsinmi yìí tọrọ ààyè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀, kí ó sọ àwọn àwòrán kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí ó yọ ìṣó, kí ó ya iwájú àti ẹ̀yìn, kí ó da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kọ bí ó ti rí, láìtún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, kí ó bi àgbà léèrè, kí ó fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ síbẹ̀ ní etí. Kí ó má ṣe lo bírò, nítorí pé bírò á yọ sí ojú. Kí Olóòtú sì yọ̀ǹda ojú ìwé kan fún wa nínú ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, kí a máa tẹ ohun tí a bá rí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lámínéṣọ̀n, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ní: bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò àtijọ́ wá, ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ lẹ ẹ̀dà, kí ẹ dá ojúlówó padà fún un.

Nílé tiwa, fọ́tò 14 ni gíláàsì ṣì wà lójú wọn. Mo ti tú 9. Ìwé wà lẹ́yìn 6 nínú wọn, mo sì ti kó àdàkọ wọn fún Olóòtú pẹ̀lú ìwé yìí. Bàbá wa kékeré ló ń bá mi di àkàbà mú.